Ọ́ìlì tó dà bí ògì: ẹ má tíì sin ẹ́ńjìnì yẹn

Ẹ̀yin ti Kútọnu, ti Àjàṣẹ́, ti Kétu, ti Sakété àti Pobè, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lódìkejì ẹnubodè, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì mọ́tò ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú, torí mo ti rí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ni. Ọ̀nà Kútọnu sí Àjàṣẹ́ ló ń ná, Carina àtijọ́ kan ló fi ń gbé èrò. Mọ́tò náà gbóná lọ́jọ́ kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dantokpa, omi hó jáde, èéfín funfun bò wọ́n. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àwọn á tún un ṣe fúnra àwọn nínú àgbàlá tí wọ́n ń gbé ní Akpakpa. Wọ́n tú culasse, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fá ojú rẹ̀ kó lè tẹ́jú, wọ́n ra joint tuntun, ìyẹn gáskẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dè é padà. Ẹ́ńjìnì jí, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú wọn dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fa gééjì yọ láti wo ọ́ìlì. Ohun tó rí lára irin náà dà bí kọ́fí tí wọ́n da mílíìkì sí lọ́pọ̀. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ògì ló bá níbẹ̀.

Mẹkáníìkì tí wọ́n pè wá wò ó kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. "Mayonnaise ti wọ inú ẹ̀," ó ní, "ẹ́ńjìnì yìí ti kú." Ó sì mọ ibi tí òmíràn wà, èyí tó ti Yúróòpù dé. Owó tó pè sún mọ́ ìdajì iye tí wọ́n fi ra mọ́tò náà lódindi. Àbúrò mi ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ kékeré tó ní lọ́nà Sèmè kó tó rántí pé òun lè pè mí.

Èrò mi rèé, n kò ní fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Bí ọ́ìlì bá funfun lẹ́yìn àtúnṣe nílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí omi náà wọlé. Ṣé ọjọ́ tí ẹ ń tú ẹ́ńjìnì ló wọlé, tó sì dá síbẹ̀? Àbí ó ṣì ń wọlé di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí? Àrùn méjì tó yàtọ̀ síra ni. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹ fi ń wo àkọ́kọ́ sàn. Ẹni tí kò bá béèrè, tó kàn ní kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnì, ẹ má tíì fún un lówó.

Ẹ jẹ́ ká wo inú irin náà. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó pàdé láé: ọ̀nà omi tó ń gbé ooru lọ sí rédíétọ̀, àti ọ̀nà ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí irin yọ̀ lára irin. Níbi tí culasse ti jókòó lórí blọ́ọ̀kù, ihò omi àti ihò ọ́ìlì sún mọ́ra gan-an. Joint tó tinrin bíi páálí ló là wọ́n láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ tú culasse á kọ́kọ́ tú omi rédíétọ̀ dànù, á sì rò pé omi ti tán. Kò tíì tán o. Ti inú blọ́ọ̀kù ṣì wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bóótì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ blọ́ọ̀kù tó jẹ́ pé òun ni ẹ máa ṣí kí omi yẹn tó jáde. Àwa tó ń ṣe é nílé kì í sábà fọwọ́ kàn án, torí ó ti dípẹtà, ó sì wà níbi tí ọwọ́ kì í ti í dé. Bí wọ́n bá wá gbé culasse kúrò, omi á ṣàn sórí blọ́ọ̀kù, á wọ inú sílíńdà, á wọ ihò bóótì, á sì gba ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lọ sínú carter, ìyẹn agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Ife kan péré ti tó. Gbàrà tí ẹ́ńjìnì bá ti ń yí, á po méjèèjì pọ̀, ó di ògì.

Mo bi àbúrò mi pé, "Ṣé ẹ ṣí bóótì ẹ̀gbẹ́ blọ́ọ̀kù?" Ó ní, "Bóótì wo nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n?" Mo tún bi í bóyá wọ́n yí ọ́ìlì padà nígbà tí wọ́n dè é tán. Ó ní ọ́ìlì náà kò tíì pẹ́, òun ò fẹ́ fi ṣòfò. Mo ti rí ìdajì ìdáhùn mi nìyẹn.

Omi inú ihò bóótì yẹn burú ju ògì lọ, n ó sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Omi kì í rún pọ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ń de bóótì sínú ihò tí omi tàbí ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bóótì á le lọ́wọ́ yín bí ẹni pé ó ti dè tán, nígbà tí kò tíì di culasse mú dáadáa. Tàbí kẹ̀, omi tí kò ríbi gbà á ya irin náà láti inú. Blọ́ọ̀kù tó bá ya báyìí, ìyẹn ni ká sunkún lé lórí. Aṣọ gbígbẹ tí ẹ lọ́ mọ́ ìdí igi tín-ín-rín àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà tó láti gbẹ ihò wọ̀nyẹn.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni tiwọn. Wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, wa mọ́tò rẹ, omi náà á gbẹ fúnra rẹ̀. Inú mi kì í dùn sí ìmọ̀ràn yìí rárá, torí kì í náni lówó lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gbà á. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: omi lásán tí kò pọ̀ lè di ooru kó sì jáde bí ẹ́ńjìnì bá gbóná dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kúláńtì kì í ṣe omi lásán. Glycol inú rẹ̀ kì í hó àfi bí ooru bá sún mọ́ 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ́ìlì inú agbada kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Á kù síbẹ̀, á di ẹrẹ̀ tó ń dí fílítà, á sì di ásíìdì díẹ̀díẹ̀. Àwọn coussinet ló ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀, ìyẹn àwọn béárínì pẹlẹbẹ tí ọ̀pá ẹ́ńjìnì ń yí nínú wọn. Ọ́ìlì tó ti di ògì kò lè gbé ọ̀pá náà sókè mọ́, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ kò-kò-kò láti ìsàlẹ̀, ẹni tó bá wá ní ẹ́ńjìnì ti kú nígbà náà kò purọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí i lórí gééjì, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má jí i mọ́, kódà kó jẹ́ láti sún un kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tì í.

Mo ní lórí gééjì, mi ò ní lábẹ́ ìdérí, ó nídìí. Àṣà kan wà lọ́dọ̀ wa, láti Kútọnu títí dé Èkó, tí mo kórìíra: bí mọ́tò bá gbóná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò. Tẹ́mósítáàtì ló ń dá omi dúró díẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè tètè dé orí ooru tó yẹ ẹ́. Bí kò bá sí, omi á máa yí láìdúró, ẹni tó bá ń wakọ̀ láti Cadjehoun lọ sí Gbégamey tó sì ń padà kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ gbóná délẹ̀ láé. Nínú iná ẹ́ńjìnì ni ooru omi ti ń wá, afẹ́fẹ́ ìlú wa tó wà láàárín òkun àti adágún Nokoué náà kò sì gbẹ. Bí ooru omi yìí kò bá rí ooru gidi tí yóò lé e jáde, á lọ lẹ̀ mọ́ ìdérí ọ́ìlì, á funfun bí ọṣẹ. Bí gééjì bá mọ́, tí ọ́ìlì kò ga sókè sí i, tí omi rédíétọ̀ kò sì dín, kò sí ohun tó ṣe joint yín. Ẹ nu ìdérí, ẹ wa mọ́tò náà lọ sí Àjàṣẹ́ kí ẹ padà, ẹ tún un wò. Mo mọ ẹni tí wọ́n tú culasse rẹ̀ lásán nítorí ọṣẹ yìí.

Ti àbúrò mi kò rí bẹ́ẹ̀. Gééjì rẹ̀ funfun, ọ́ìlì sì ti kọjá àmì òkè. A ti mọ́tò náà síbi tó tẹ́jú, a fi sílẹ̀ mọ́jú. Kí a tó tú nǹkan kan, a ta ẹ̀kán kan láti orí gééjì sórí irin gbígbóná, ó ń ta pà-pà bí epo gbígbóná tí omi kán sí. (Níta gbangba ni o, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò kpayo.) Èyí sọ fún wa pé omi wà níbẹ̀, kò sọ irú omi tó jẹ́. Lẹ́yìn náà a rọra tú bóótì ìsàlẹ̀ agbada. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, èyí tí kò bá tíì pò mọ́ ọ́ìlì ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ohun tó jáde jẹ́ omi aláwọ̀ ewé, bí ife kan, kí ògì tó tẹ̀ lé e. Àwọ̀ ewé yẹn ni kúláńtì tó wà nínú rédíétọ̀ rẹ̀. Ó ti dájú pé ọ̀nà omi ló ti wá.

A da gbogbo rẹ̀ nù, a yí fílítà, a ra ọ́ìlì tí owó rẹ̀ kò ga, a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ ní ìdúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ iná mọ́ ọn, a tún tú u. Èyí jáde ní dúdú tó ṣókùnkùn bí omi ẹrẹ̀, ó ṣì ní ìlà funfun. A tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú fílítà mìíràn. Ìkẹta jáde bí ọ́ìlì. Nígbà náà la tó ra ọ́ìlì gidi. A lẹ téèpù mọ́ ara ike omi ní ibi tí omi dé nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, mo sì sọ fún un pé láràárọ̀, kó tó jí mọ́tò, kó wo téèpù yẹn kó sì fa gééjì yọ.

Téèpù yẹn ni adájọ́. Bí omi kò bá sọ̀kalẹ̀ kúrò níbi téèpù, tí ọ́ìlì sì mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti ń wa mọ́tò náà, omi ọjọ́ àtúnṣe ni ẹ bá jà. Bí ọ́ìlì bá tún funfun, tí omi ń dín, ó ṣì ń jò, ẹ gbọ́dọ̀ wá ibi tó ti ń jò kí ẹ tó tún tú nǹkan kan.

Mo ti rí ibi tí àwọn mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ pàápàá ti ń ṣìnà níbí. Wọ́n á wo èéfín ẹ̀yìn mọ́tò, kò funfun. Wọ́n á wo rédíétọ̀, kò sí ìfófòó. Wọ́n á wọn agbára sílíńdà, ó pé. Wọ́n á ní joint dára. Ṣùgbọ́n joint lè ya láàárín ihò omi àti ihò ọ́ìlì láìkan sílíńdà rárá, kò sì ní sí èéfín, kò ní sí ìfófòó. Omi búlúù tí àwọn garaji kan ní, tó máa ń di yẹ́lò bí èéfín iná ẹ́ńjìnì bá kàn án, ibi tí iná ti ń wọ inú omi nìkan ló lè fi hàn. Ẹ̀rọ tó yẹ lọ́ràn tiwa ni póńpù tí wọ́n ń fi síbi ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́ títí dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí náà, 0.9 tàbí 1.1 bar lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kódà mọ́jú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń wálẹ̀ tí ilẹ̀ sì gbẹ, inú ni omi ń lọ. Ẹ tú bóótì agbada díẹ̀, ẹ wò ó.

Culasse tí ooru ti fọ́ lára lè jò bẹ́ẹ̀, bí joint tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Nínú àwọn mọ́tò Yúróòpù púpọ̀ àti àwọn tó ń lo gasoil, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí omi fi ń tu ọ́ìlì lójú. Bí inú rẹ̀ bá lu, méjèèjì á pò láìsí ọwọ́ culasse nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, agbára ọ́ìlì máa ń ju ti omi lọ, nítorí náà ẹ lè rí ọ́ìlì nínú ike omi kí ẹ tó rí omi nínú ọ́ìlì. Ẹ wo ike náà dáadáa.

Ẹ wá jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta ẹ́ńjìnì. Mi ò ní gbogbo mẹkáníìkì jẹ́ olè, mo ti bá wọn jẹun fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta pósí kọ́ ló yẹ kó sọ fún wa pé aláìsàn ti kú. Ẹ́ńjìnì tó ti Yúróòpù dé, ta ló mọ̀ bí ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ ṣe lò ó? Ó lè jẹ́ pé ògì ló wà nínú òun náà kí wọ́n tó tú u, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ ni. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yín náà ni. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ẹ ń wà, èbúté Kútọnu ló gbà wọlé kí Nàìjíríà tó fòfin de gbígbé mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ẹ́ńjìnì kan náà ni, àrùn kan náà ni.

Àwọn kan á sì ní ẹ̀bi àbúrò mi ni, ta ló ní kó tú ẹ́ńjìnì nínú àgbàlá. Mi ò gbà. Bí èrò ò bá gbé e, ilé ò jẹun. Ẹni tó bá lè ka nọ́ńbà lè ṣe culasse, bó bá ti ya clé dynamométrique lọ́dọ̀ ẹni tó ní i, ìyẹn sípánà tó ń sọ bí agbára ṣe tó. Bó bá ń de àwọn bóótì láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìpele-ìpele. Bí kò bá sì lo bóótì àtijọ́ lára ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti ní kí a yí wọn padà. Ohun tí mo bá a wí fún ni ọ́ìlì tó kọ̀ láti yí padà. Ẹni tó bá ti gbé culasse kúrò ti gbé omi sínú ọ́ìlì, bó rí i bí kò rí i. Kó ka ọ́ìlì tuntun àti fílítà mọ́ owó joint láti ọjọ́ tó ti ń ṣírò.

Omi kànga tó ń bù sínú rédíétọ̀ náà ńkọ́? Mo bá a wí fún ìyẹn pẹ̀lú. Àwọn kànga tó sún mọ́ ọ̀sà níbí ní iyọ̀ nínú. Iyọ̀ ń jẹ culasse alumíníọ̀mù yí ihò omi ká, títí joint tuntun kò fi ní ibi tó tẹ́jú tí yóò jókòó lé mọ́. Bí owó kúláńtì kò bá sí, omi tó ti inú ike wá tí kò ní iyọ̀ sàn jù ú lọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má sì fi kúláńtì tí ẹ tú jáde sílẹ̀ nínú àwo lágbàálá. Ó dùn lẹ́nu, ó sì ń pa ọmọdé, ajá àti ewúrẹ́. Inú bídóònù tó ní ìdérí ni ká da òun àti ògì yẹn sí, kì í ṣe inú gọ́tà tó ń lọ sí ọ̀sà.

Ó ti lé ní oṣù kan báyìí. Téèpù ṣì wà níbi tó wà, omi kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gééjì mọ́. Ilẹ̀ ọ̀nà Sèmè ṣì jẹ́ tirẹ̀. Tẹ́mósítáàtì tí mo ní kó rà ló kọ̀ láti fi sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò rí bí oòrùn ṣe mú ni?" Lánàá a tún jiyàn lé e lórí.